Táyà Tí Aláǹgbá Ń Sùn Lé Lórí

Má sọ fún mi pé kí n jókòó! Mi ò jókòó! Orí àga wo ni kí n jókòó sí, èyí tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún ọ yìí àbí òmíràn? Gbé e kúrò níwájú mi kí n tó là á mọ́ ọ lórí. Mo ní gbé e kúrò! Bí o bá sì tún sọ pé "ẹ ṣe sùúrù, ìyàwó wa" lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, irin tí o fi ń yọ táyà yìí ni màá fi lu ẹnu yẹn, gbogbo eyín funfun tí o fi ń tan àwọn oníbàárà á wọ inú ọ̀fun rẹ lọ, wàá gbé e mì bí ẹni gbé oògùn mì.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta níbẹ̀ o, ẹ má wọlé, ẹ má sì jẹ́ kó fi táyà tó gbé kalẹ̀ yẹn sí alùpùpù yín! Mo mọ̀ pé ẹ ń kánjú, mo mọ̀ pé ẹ̀yin àtọmọ lẹ jọ ń gun nǹkan yẹn lọ sílé ìwé. Ẹ dúró ná. Àbúrò ọkọ mi ni ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ nínú yàrá, gbangba ni màá ti sọ ọ́, etí yín náà á gbọ́.

Ìwọ, wò mí. Má wo ilẹ̀, ilẹ̀ kọ́ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o rí ibi tí wọ́n rán yìí, láti ẹ̀gbẹ́ ojú títí dé àgbọ̀n? Ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlá. Èmi tí mò ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò, wọ́n rán mi bí ẹni rán ẹnu àpò. Èyí ò sì dùn mí. Ọwọ́ ọkọ mi ló ń dùn mí. Ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ kápẹ́ńtà! Ọmọ ìka mẹ́ta ni dókítà gé dànù lánàá, ó ku àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín, ọwọ́ náà wá rí bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Kí ló fẹ́ fi di òòlù mú? Ẹnu? Dá mi lóhùn, ṣé ẹnu ló máa fi di òòlù mú?

Kí lo wí? Ọ̀nà? O ní ọ̀nà ló burú? Ọ̀nà tí a ti ń gbà láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín! Yé é, má jẹ́ kí n sọ̀kò ọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè kó padà.

Pẹpẹ tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, tí o to táyà sí láti ìsàlẹ̀ dé àjà, ta ló kàn án? Odindi ọjọ́ mẹ́rin, ó ń wọn, ó ń rẹ́, ó ń fá, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, ó ní ọmọ ìyá òun ni. Ìwọ ní o ò mọ bí o ṣe máa dúpẹ́. O wọlé, o gbé táyà méjì jáde, ó ń dán yinrin bíi bàtà ọkọ ìyàwó, o ní tuntun ni, o ní ẹnikẹ́ni ò gùn ún rí. Ọkọ mi fi èékánná rẹ̀ bọ inú ilà ara táyà, èékánná wọlé tán, ó ní "ó jìn dáadáa." Ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń wo táyà nìyẹn? Tí ilà bá ti jìn, ó parí, tuntun ni! Mo kúnlẹ̀ fún ọ. Èmi tí mo fi ọdún méjìlá jù ọ́ lọ, mo fi orókún mi gúnlẹ̀ nínú epo dúdú yìí, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ wà yẹn gan-an, mo ní, "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, o ṣeun, a ó rí i bá ọ ṣe."

Eyínfúnjowó! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Lọ́jọ́ tí mo dé ilé yín ní ìyàwó, tí mi ò lè pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìwọ lo kọ́kọ́ sáré pàdé mi, ọmọ kékeré tó ń rẹ́rìn-ín, mo wo ẹnu rẹ, mo ní èyí, Eyínfúnjowó ni. Gbogbo ayé ló wá ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ni, mo gbà á padà lónìí! Wá òmíràn jẹ́.

O ní ẹnikẹ́ni ò gùn ún rí. Òótọ́ ni. Aláǹgbá nìkan ló gùn ún.

Ẹ jẹ́ kó yé yín, ẹ̀yin tíṣà. Ìjẹta ni. Àárọ̀, oòrùn ti là. Èmi ń lọ kó kọ́tìnì fún oníbàárà, ọkọ mi ń lọ bá mi kan irin tí a máa fi kọ́ ọ, bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, èmi á rán, òun á kàn. Mo kó kọ́tìnì lé itan, mo di ọkọ mi mú ní ìbàdí. A ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó. A ò sáré. Mo ní a ò sáré! Ó tiẹ̀ ń súfèé. Àfi gbàù! Mo rò pé wọ́n yìnbọn lù wá ni. Táyà iwájú ya. Kì í ṣe pé ó jò o, kì í ṣe pé ìṣó gún un, ó ya bí aṣọ tó ti jẹrà, ọwọ́ alùpùpù já gbà mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́, ó yí bìrí, ó jù wá nù. Mo rí ojú ọ̀run, mo rí ilẹ̀, mo tún rí ojú ọ̀run. Ìró tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà, tí mo bá kú ni màá tó gbàgbé rẹ̀: ìró egungun lórí ọ̀dà, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi tútù. Alùpùpù ń wọ́ ọkọ mi lọ, ọwọ́ rẹ̀ há sábẹ́ irin, ọ̀dà ń họ ọ́ bí ẹni họ iṣu, ẹ̀jẹ̀ ń fa ilà gbọọrọ sílẹ̀. Ilà yẹn ni mo tọ̀ lórí orókún mi méjèèjì títí mo fi débi tó wà, mò ń pè é, kò dáhùn.

Kọ́tìnì funfun ni. Mo fi eyín já a. Mo fi we ọwọ́ rẹ̀, ó pọ́n. Mo tún we òmíràn lé e, ó pọ́n. Yáàdì mẹ́wàá, ó pọ́n tán pátá, ẹ̀jẹ̀ ojú tèmi náà sì ń kán sí i, mi ò mọ tèmi yàtọ̀ sí tirẹ̀ mọ́.

Kí lo ń dijú fún? La ojú! Èmi ò rí àyè dijú tèmi.

Mẹkáníìkì tó lọ gbé òkú alùpùpù yẹn ló ránṣẹ́ pè mí lánàá. Ó ní, "Ìyá, ẹ fọwọ́ kan nǹkan yìí." Mo fọwọ́ kàn án. Táyà tó ya, tó wà lọ́wọ́ mi yìí ni, gbà, ìwọ náà fọwọ́ kàn án! Gbà á! Ó le gan bí awọ tó gbẹ. Tẹ̀ ẹ́ báyìí, o gbọ́ bó ṣe ń dún? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sán bí gìgísẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà. Mẹkáníìkì mú àkísà, ó nu dúdú tí o fi kùn ún kúrò. Pólíìṣì bàtà! O kun táyà ní pólíìṣì bàtà bí ẹni kun òkú láti gbé e síta! Abẹ́ pólíìṣì, apá kan ti ṣá bí eérú, apá kejì ṣì dúdú. Ó ní, "Ìyá, oòrùn ló pa á láti apá ibí. Ẹ wo ojú okùn, wọ́n ti gbé e kọ́ pẹ́."

Ojú okùn! Orí mi wú. Àwọn méjì tí o gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ tí o ti ṣí i, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé o ń ta táyà! Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀. Aláǹgbá olórí pupa kan wà tó máa ń sùn lé èyí tó wà lápá ọ̀tún, bí mo bá ń kọjá mo máa ń kí i, "onílé, ẹ kú ìjókòó." Lọ́jọ́ tí a wá gba táyà wa, mo rí i pé ìṣó ṣófo. Mo rí i o! Mo tiẹ̀ bi ọ́, mo ní, "onílé wa dà?" O ní ó ti kó lọ sílé tuntun. O rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Orí mi, kí ló dé tí o jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín?

Má da Ọlọ́run sí i! Ọlọ́run kọ́ ló fi pólíìṣì kùn ún!

Ṣé o rò pé mi ò lè kà á? Èmi tí mi ò wọ kíláàsì rí, téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi kọ́ nọ́ńbà. Ìgbà tí wọ́n ṣe táyà wà lára rẹ̀, mẹkáníìkì ló fi hàn mí, nínú àmì kékeré tó rí bí ẹyin, nọ́ńbà mẹ́rin, méjì iwájú ni ọ̀sẹ̀, méjì ẹ̀yìn ni ọdún. Ọdún tó wà níbẹ̀ yẹn, ọdún yẹn ni àbígbẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tó ń sunkún tọ̀ mí lẹ́yìn. Ó ti ń fá irùngbọ̀n báyìí!

O ní kí ni? O máa fún un ní tuntun? Gidi? Kó fi sí kí ni, ta ló máa di ọwọ́ alùpùpù mú? Jọ̀ọ́, pa ẹnu yẹn dé.

O ò mọ̀. Ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o dé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ náà ń wí lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, ó fi ọwọ́ òsì di etí ìró mi mú, ó ní, "Má lọ bá a jà. Kò mọ̀. Ọmọ ìyá mi ò lè mọ̀ kó fún mi gùn." Ìka tí ò sí mọ́ ń ro ó, ó ń gbèjà rẹ. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Kì í ṣe torí ìka, ìka ti lọ. Mo wá wò ó bóyá o mọ̀.

Kí n tó wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sídìí alùpùpù tìrẹ níta. Mo ka táyà iwájú: ọdún yìí. Mo ka tẹ̀yìn: ọdún yìí. Kí ló dé tí o ò mú nínú èyí tí o tò sórí pẹpẹ? Kí ló dé tí o ò mú èyí tó wà lórí ìṣó? Àbí ó ṣèèṣì?

Má wá kọ́kọ́rọ́ rẹ, ó wà létí ìró mi, mo ti dì í ní kókó.

Ó yá, mú ọ̀kan nínú méjì. Táyà tí o gbé kalẹ̀ fún tíṣà yẹn, tí pólíìṣì ń dán lára rẹ̀ bíi tiwa, gbé e sí iwájú alùpùpù rẹ. Màá jókòó sẹ́yìn rẹ, màá dì ọ́ mú ní ìbàdí bí mo ṣe di ẹ̀gbọ́n rẹ mú, a jọ máa sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lọ. Bí o bá gbé mi dé ìsàlẹ̀ láyọ̀, màá tún kúnlẹ̀ fún ọ, màá sọ fún un pé lóòótọ́, àbúrò rẹ ò mọ̀. Bí o ò bá lè gùn ún, ọ̀bẹ rèé. Gbogbo èyí tó ti gbó lórí pẹpẹ ọkọ mi, gé e ya lójú tíṣà. Kò sí ìkẹta.

Mú sípánà. Mú un. Ṣebí kò sí nǹkan tó ṣe é? Ibi tí o dúró sí tútù, òógùn wo lo ń là? Èmi ti ṣetán, wo bí mo ṣe sán ìró mi.

Kí lo gbé sípánà sílẹ̀ fún?

Há! Háháhà! Ẹ wò ó, ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi ojú yín rí i! Ọ̀bẹ ló mú! Mi ò tíì ka méjì, ó ti mú ọ̀bẹ! O mọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀! Bí o bá gé e tán, ẹsẹ̀ ni wàá fi rìn lọ sí ọsibítù, wàá dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì yẹn, wàá fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé, "Ọ̀bẹ ni mo mú." Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́.

Gé e. Láti orí èyí tó wà lókè pátápátá. Tẹra mọ́ ọn, ó le. Àmọ́ rọra o, kó má baà gé ọ níka.