Òpó Tí Bàbá Mi Mọ

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà méjì kan.

“Lánàá, mo sọ fún ọkùnrin kan nídìí ATM pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, ‘Mama, ẹ má bínú.’ Ohùn yẹn ni mo fi mọ̀ pé Fada wa ni! Agbáyà ni mí.”

“O ò mọ ojú Fada yín?”

“Ẹ̀yìn òpó ni mo máa ń jókòó sí.”

“Tó o bá lọ gba Kómúníọ̀nù ńkọ́?”

“Mo máa ń dijú.”

“Sún síwájú, jàre!”

“Bàbá mi ló mọ òpó yẹn, nígbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà wa lẹ́yìn ogun Hítílà. Òpó ọ̀hún wọ́ ni, kò dúró gbọnrangandan. Gèlè mi ni mo fi ń bò ó lójú àwọn tó jókòó sẹ́yìn.”