Orúkọ Tí Màámi Kò Pè

Lórí ìlà kẹrosíìnì ní Ìwáyà, lásìkò ọ̀wọ́n epo ayé àwọn ológun, àwọn obìnrin méjì kan ń sọ̀rọ̀ níwájú mi, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi. Èyí àbúrò ló bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Brọ̀dá kan wá sílé wa láti yunifásítì. Ó ń ṣèwádìí lórí àwọn arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe máa tọ́jú wọn. Ó bi màámi pé ta ni mí. Wọ́n ní ìyá oníbúrẹ́dì ni mí.”

“Yéè! Ìwọ ọmọ bíbí inú wọn?”

“Ẹ jẹ́ kó tán! Ó nawọ́ sí àbúrò bàbá mi tó jókòó tì wọ́n, ó ní kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, ‘Eyínfúnjowó ni.’ Ẹ̀gbọ́n, bàbá tí kò léyín kan lẹ́nu mọ́! Ni brọ̀dá bá kọ òdo fún wọn.”

“Òdo kẹ̀? Ṣé ó fẹ́ kí ìyàwó ilé máa pe orúkọ àbúrò ọkọ ẹ̀ gan-an ni?”

“Ohun tí mo bi í nìyẹn! Mo ní, ‘Brọ̀dá, kí ni ìyá yín ń pe àbúrò bàbá yín?’ Ó ní, ‘Akọ̀wé.’ Ló bá pa òdo rẹ́. Ó ní àwọn máa yọ ìbéèrè yẹn, torí gbogbo ìyá tí òun bi ní Mùṣín ló gba òdo níbẹ̀!”

“Màmá ẹ mà borí yunifásítì!”

“Kò tíì tán. Bí brọ̀dá ṣe jáde, màámi fà mí mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí: ‘Ìyá oníbúrẹ́dì, Làmídì lorúkọ Eyínfúnjowó. Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ pé mo pè é o.’”