Nígbà Tí Wọn Ò Gba Ìtanràn Lọ́wọ́ Mi Mọ́

Ife tíì kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà! Alihamudulilahi! Ẹ bá mi ké e pé Ọlọ́run tóbi! Ẹ̀yin ará asalátù, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi yìí ló mu ún, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Agbárá.

Kí n tó débẹ̀, ẹ̀yìn ọjà Sango ni èmi àti Ìyá Risi ti ń fi yanrìn àti ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì fún àwọn elépo, àwa mẹ́jọ lórí bẹ́ǹṣì kan. Ìyá Risi ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun náà ló ń gba ìtanràn ẹgbẹ́ wa. Tó o bá pẹ́ dé ìpàdé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Tí kẹ́ẹ̀gì tó o fọ̀ bá ń rùn, igba náírà, èébú sì wà lórí ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ìyá Sidi, ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, sanwó!"

Màá rojọ́ títí, màá sanwó, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ni Ọlọ́run bá gbé mi ga. Ọpẹ́ ni fún Un! Iléeṣẹ́ kan ní Ìgbẹsà ní kí n máa kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n bá ti lò tán. Tírélà o! Wọ́n bá ń pè mí sí ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì, èmi tí ìwé mi ò ju praimárì mẹ́ta lọ, láàárín àwọn tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ri bísíkíìtì bọ tíì, ó já sínú ife, mo ti ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí mi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín! Mo ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé Ìyá Risi á wọlé wá bú mi.

Mo sáré dé ìpàdé wa ní Sango, mo pẹ́.

"Ìtanràn mi ńkọ́?"

"Háà, Alhaja, tiyín yàtọ̀. Ẹ jókòó."

Alhaja! Èmi tí mi ò tíì rí Mẹ́kà! Àga onírọ̀gbọ̀kú ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo pẹ́, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ní tèmi yàtọ̀.

Mo rò pé bóyá ahun ni wọ́n ń pè mí. Mo ra ìrẹsì fún wọn, àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin èèyàn, Ìyá Risi tó jù mí lọ, tó pọn Sidi mi, ó kúnlẹ̀ fún mi! Mo sunkún dé ilé.

Mi ò jẹun dáadáa mọ́, mo bá gba ọsibítù lọ. Dókítà yẹ̀ mí wò. "Ìyá, ara yín le. Ta ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Mi ò rẹ́ni dárúkọ.

Mo wá gbàdúrà níbí yìí: Ọlọ́run, mi ò ní kí O gba tírélà o! Ṣáà dá mi padà sáàárín wọn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo bọ́ bàtà, mo ká ìró sókè, mo gbé kẹ́ẹ̀gì.

"Alhaja, ẹ fi sílẹ̀!"

Mo fọ̀ ọ́, mo tò ó mọ́ tiwọn. Ìyá Risi gbé e, ó gbóòórùn ẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà.

"Ta ló fọ ìdọ̀tí yìí? Ṣé ẹ fẹ́ ba epo olówó jẹ́ ni?"

"Èmi ni."

Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí.

"Ìwọ Ìyá Sidi! Hòtẹ́ẹ̀lì ti jẹ ọwọ́ ẹ tán! Ọ̀bùn! Igba náírà! Àti ẹ̀ẹ̀meje tó o fi ọlá pẹ́, kó o wá!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in fún mi."

"Ẹ wo onítírélà tó ń ná ìtanràn! Ẹ sún, kí ọ̀lẹ jókòó."

Wọ́n sún fún mi. Ọpẹ́ o! Ọpẹ́ o! Ẹ̀yin tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún, tẹ́nì kankan ò bú yín mọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ padà lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ yín, kí ẹ fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tiyín. Wọ́n gba ìtanràn tèmi pé pérépéré: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà.