Ojú Ìbàdí-Àrán

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ṣé ẹ ti rí ojú tó fọ́ tó tún là rí? Èmi ti rí i. Ìyá Adó tí a jọ yá ilé gbé ní Ìfàkọ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ẹnu ọ̀nà, wọ́n tú báńdéèjì lójú wọn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Háà! Ìwọ náà ti darúgbó báyìí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ọlọ́run ga! Ọmọ ènìyàn bíi tiwa ló fi abẹ ká awọ funfun kúrò lójú ẹlòmíràn!

Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ ojú náà. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, káńsù ní kí àwọn arúgbó wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń bá wa gbé, ojú wọn ò ríran, ẹsẹ̀ wọn ò sì lè dúró lórí ìlà láti àárọ̀. Mo lọ bá wọn tò ó. Akọ̀wé béèrè orúkọ. Ẹ gbà mí o! Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n ò pe orúkọ ẹni tí mo bá nílé rí. Orúkọ tí èmi fún wọn nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun ni mo sọ: Ìbàdí-Àrán. Ó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì gba káàdì ìrìbọmi wọn, ó wo ìwé tiẹ̀ títí. "Màmá, Kọ́ńfọ́ọ̀tì ló wà nínú káàdì yín, kò sí lọ́dọ̀ wa. Ta ló bá yín forúkọ sílẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ní akọ̀wé ló ṣì í kọ. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èrò pọ̀, ojú tì mí. Wọ́n pe ẹlòmíràn wọlé. Àwọn dókítà náà kó ẹrù wọn lọ, wọn ò padà wá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ bá arúgbó tò, ẹ béèrè orúkọ inú káàdì wọn kí ẹ tó kúrò nílé.

Lánàá, Ìyá Adó ń yin àwọ̀ aṣọ tí mo wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́, wọ́n ń fi ìka wá aṣọ náà. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, akọ̀wé yẹn ò ní rí ire."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má ṣépè fún un mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Akọ̀wé ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."