Iná Tí Kò Jó Ilé-Iṣẹ́ Bàtà

Àná ni ìgbìmọ̀ yunifásítì yọ ọ̀gá mi níṣẹ́. Òní tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó gbọ́. Mò ń nu tábìlì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àǹtí tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé já wọlé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "O ṣì ń nu tábìlì? Wọ́n ti lé Prófẹ́sọ̀ lọ! Wọ́n ní òpùrọ́ ni!" Àkísà bọ́ lọ́wọ́ mi. Òtítọ́ tí mo jókòó lé gbọ́dọ̀ jáde wàyí, nítorí èmi gan-an ni òpùrọ́ náà.

Akọ̀wé ni mí lọ́dọ̀ olùkọ́ ìmọ̀ òwò. Ilé-ìwé tí mo lọ ò tó nǹkan. Ìwé ìtàn tí àǹtí yìí ń yá mi ló là mí lójú, òun náà ló sì kó sí mi lórí. Nígbà tí yunifásítì ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni, kí wọ́n lè gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá mi dúró sí sọ tirẹ̀ fún mi. "Kọ ọ́ pé mo ṣọ́ sítọ̀ nílé-iṣẹ́ bàtà kí n tó lọ kàwé. Kọ ọ́ pé ohun kan ni mo fi ń kọ́ wọn: ẹni tó bá fọwọ́ sí iṣẹ́ ló ni àṣìṣe ibẹ̀. Ó tán." Ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ bébà òfìfo bó ṣe máa ń ṣe, nítorí ó fọkàn tán mi, ó sì lọ.

Ó tán kẹ̀? Ta ni yóò ka ìtàn ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀? Mo kọ ọ́ pé òun ló ni ilé-iṣẹ́ bàtà náà, pé iná jó o kanlẹ̀, pé orí eérú ló jókòó sí tó fi pinnu láti máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo yọ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yẹn; ó gbẹ jù lójú mi. Àǹtí kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Yé è! Má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó dùn ju ìwé ìtàn lọ." Ẹ wo ọ̀dájú, mo rẹ́rìn-ín.

Bí ìtàn náà ṣe dórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Eérú. Ó rò pé ewú orí òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀, mo panu mọ́. Àfi bí ọmọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ bàtà gan-an ṣe wá bá ìgbìmọ̀: "Bàbá mi ló ni ín, iná ò sì jó o rí." Lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀gá ní kí n lọ sinmi nílé díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbé mi kúrò lójú ìjà ni.

Mo sáré dé ilé rẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà rẹ̀ tó là. Mo dojúbolẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ ọ́, mo ní èmi ni. Ṣebí èmi ni mo fọwọ́ sí i?"

Mo gbé orí sókè. "Ẹ mọ̀ pé èmi ni, sà?"

"Ta ló tún ń ka ìwé ìtàn lábẹ́ tábìlì lọ́fíìsì mi?"

"Ẹ dárí jì mí, sà. Mò ń lọ bá ìgbìmọ̀."

"Wọ́n á lé ìwọ náà o."

"Mo mọ̀, sà. Mò ń lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ ọ́."