Ẹ̀jẹ̀ Tèmi Ni Mo Fi Sínú Ẹ̀rọ

Ẹ gbé iṣu tuntun yẹn kúrò níwájú ìyàwó mi. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́. Èmi Ògúnyínká, olórí agbo ilé yìí ní Akparé, mo ti gbé irọ́ kan sínú fún odindi ọdún kan, kò sì gbé inú mi mọ́.

Ẹ̀yin lẹ sọ pé alájẹkì ni Àpọ̀kẹ́ ìyàwó mi, pé ẹnu rẹ̀ ló jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ mi orí sí i. Ẹ wo àgbà òfìfo!

Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un, Hilaire, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù Atakpamé, fún wa ní ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú kàyé, ìwé tí a ó máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí láràárọ̀. Ojú Àpọ̀kẹ́ ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mo ń gún ìka rẹ̀. Hilaire ní, "Bàbá, bí ṣúgà bá ti kọjá gíráàmù méjì, ẹ má dúró rárá, ẹ gbé ìyá wá."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọdún iṣu èṣí pé, ẹ̀rọ sọ gíráàmù mẹ́ta. Ẹ sì mọ àṣà ilé wa: ìyàwó olórí ilé ló ń kọ́kọ́ tọ́ iṣu wò kí ẹnikẹ́ni tó jẹ. Fọlọ́runṣọ́ àbúrò mi fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, bí tiyín bá wà ní ọsibítù, tèmi wà nílé." Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí bí agbọ́n. Kí ìyàwó àbúrò mi ṣíwájú tèmi? Láéláé!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gún ìka Àpọ̀kẹ́, mo fi òwú nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù, mo gún tèmi, mo sì fi ẹ̀jẹ̀ tèmi sínú ẹ̀rọ. Ó bi mí, "Bàbá Sabrina, mélòó ló wí?" Mo ní, "Ẹyọ kan péré. Ara rẹ ti ń yá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o!

Ọdún iṣu kọjá, ó tọ́ iṣu wò, ẹ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè padà sẹ́yìn mọ́, torí nọ́ńbà tòótọ́ yóò tú àṣírí mi. Oṣù méjì ni mo fi kọ irọ́ sínú kàyé. Hilaire wò ó, ó yìn wá. Àpọ̀kẹ́ ní òùngbẹ ń pa òun, mo ní ooru ni. Egbò yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní á jiná. Ìgbà tí ẹsẹ̀ náà dúdú ni mo tó gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Hilaire mú kàyé dání, ó ní, "Bàbá, àbí ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fún wa ní òmíràn. Àpọ̀kẹ́ ń sunkún lórí ibùsùn, ó ní bóyá òun ló jẹ nǹkan dídùn láìmọ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Inú ń bí mi sí ẹnu mi yìí dé egungun.

Ẹ má bá mi sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìgbéraga mi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nọ́ńbà tí kò bá dùn mọ́ yín, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì gbé aláìsàn yín jáde.

Àpọ̀kẹ́, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ irú ìdáríjì yìí. Láàárọ̀ òní náà, o tún na ìka rẹ sí mi. Má na án sí mi mọ́. Sabrina, ọmọ wa, wá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi.