Àlejò Ni Bàbá Mi Ń Pè Mí

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni àbúrò mi máa wá mú bàbá wa lọ sí ilé rẹ̀ ní Alákìá, èmi fúnra mi ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé kó wá. Báàgì wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti ká aṣọ wọn sínú rẹ̀, fìlà, tẹ̀súbáà, àti súwẹ́tà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa wọ̀ bí òtútù ò tiẹ̀ mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Láti àná ni mo ti ń wo báàgì yìí bíi pé èmi ni wọ́n fẹ́ dì sínú rẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè rò ó fún tí kò ní sọ pé orí mi ti dàrú.

Ọkùnrin tí mò ń pè ní bàbá mi yìí kọ́ ló bí mi. Ẹni tó bí mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ dáadáa, ìyá mi sì pọ̀n mí wá sí ilé wọn ní abúlé wa yìí, lẹ́yìn Mọ́níyà. Níbẹ̀ ni ìyá mi ti bí Mùfú, àbúrò mi, fún wọn. Òun nìkan sì ni ọmọ tí bàbá yìí bí. Àmọ́ mi ò lè rántí ọjọ́ kan tí wọ́n ya àwa méjèèjì sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ra bàtà Iléyá fún Mùfú, tèmi á wà níbẹ̀. Bí Mùfú bá jẹ ẹgba, èmi náà á jẹ tèmi, tèmi tiẹ̀ máa ń pọ̀ jù nítorí ẹnu mi tí kì í dákẹ́. Àwọn ará abúlé mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, ọkọ mi kú, ìyá wa náà kú, mo sì kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ títo lẹ́tà ni wọ́n ṣe jẹun. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì dé, òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró ní tirẹ̀, bàbá mi á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, wọn á tò wọ́n ní ìdàkejì kí wọ́n tó lè jáde dáadáa lórí ìwé. Ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í sì í mú wa débẹ̀, wọ́n ní òjé kò dára fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé ojú iṣẹ́ náà wálé. Ẹni tó bá bá wọn rìn ní Mọ́níyà kò ní tètè délé! Ibi tí ẹlòmíràn ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó, irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ ni bàbá mi ń wò. "Wo a yẹn, ó dé fìlà. Ti ara ọ̀rá búrẹ́dì tá a jẹ láàárọ̀, orí ẹ̀ mọ́ roboto. Ṣé ẹbí kan náà ni wọ́n?" Mo á ní rárá. "g ńkọ́?" Mo á ní g yìí ní ikùn méjì, tọ̀hún ní ikùn kan àti ìrù. Wọ́n kọ́ mi láti wo ẹsẹ̀ R, bóyá ó nà gbọọrọ tàbí ó ká lórúnkún. Wọ́n kọ́ mi láti wo orí t, bóyá wọ́n gé e gún tàbí wọ́n dá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti àmì abẹ́ ẹ àti ọ, bóyá ó rí roboto, bóyá ó ní igun mẹ́rin, tàbí ó kàn jẹ́ igi kékeré tó dúró ṣánṣán. Àwọn lẹ́tà kan ní ìlà kékeré nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn yẹn wọ bàtà. Àwọn yòókù ń rìn lásán. Ẹbí ni wọ́n ń pe irú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kò sí ẹbí tí kò ní ojú tí a fi ń dá a mọ̀, kódà bí ọ̀kan nínú wọn sanra tí èkejì sì tẹ̀ síwájú. Mùfú kò ráyè ìyẹn, bọ́ọ̀lù ni tiẹ̀. Èmi ni mo gbà á, òun náà ló sì sọ mí di ẹni tó ń ṣe pósítà àti ìwé ìpè ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́níyà títí dòní.

Ìgbàgbé dé sí wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á kírun tán, wọ́n á tún ní kí n bu omi àlùwàlá wá. Wọ́n á ní kí n lọ wo ìyá wa wá ní ọjà Ṣáṣá, pé ó ti pẹ́ jù. Nígbà àkọ́kọ́ mo sọ fún wọn pé ìyá wa ti kú, wọ́n sì sunkún bíi pé ọjọ́ yẹn gan-an ló kú. Láti ìgbà náà mo ń dáhùn pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Orúkọ mi náà lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò lọ ni lẹ́tà. Fẹ́ǹsì kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tí wọ́n lẹ pósítà bò látòkè délẹ̀, ibẹ̀ la ti ń kí ara wa láàárọ̀. Mo á gbé àga wọn síta, mo á ní, "Bàbá, èwo ló jọra lónìí?" Wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní, "Ti olóṣèlú yẹn àti ti oníṣègùn jẹ̀díjẹ̀dí, ẹbí kan náà ni wọ́n." Mo á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ṣé ẹ rí i, bí wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi mọ́, mo gbà pé wọ́n mọ ẹni tó ń bá wọn wo lẹ́tà.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ní, "Àlejò, o ti jí?" Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Èmi ni! Láti ọjọ́ náà, àlejò di orúkọ mi. Àlejò, fún mi lómi. Àlejò, òjò ń bọ̀, ká aṣọ. Ká ní ẹlòmíràn ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀, á kàn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ èmi tí wọ́n pọ̀n wá, báwo ni mo ṣe fẹ́ rẹ́rìn-ín? Ó ń ká mi lára. Mo ronú pé bóyá gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wà níkùn wọn, pé sùúrù ni wọ́n fi ń mú un mọ́ra, tí ìgbàgbé wá gbé sùúrù náà lọ. Mo tiẹ̀ jágbe mọ́ wọn nígbà kan pé, "Bàbá, èmi kì í ṣe àlejò o!" Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mo á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí wọ́n á fi tún un pè.

Mùfú wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ọmọ mi dé!" Wọ́n wá yíjú sí mi. "Àlejò, gbé àga fún ọmọ mi." Mo gbé àga. Mùfú ò lè wò mí lójú. Nígbà tí mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó dúró, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré lọ́wọ́.

"Àǹtí mi, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n máa mú wọn lọ sọ́dọ̀ wa."

"Ṣé nítorí ohun tí wọ́n sọ yẹn ni?"

"Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́ jàre. Àmọ́ tí wọn ò bá tiẹ̀ dá yín mọ̀ mọ́, kí lẹ ń para yín sí?"

Mo ní, "Máa mú wọn lọ. Ìwọ ni ọmọ wọn." Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi, ó sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọmọ dáadáa ni Mùfú, ó kàn ní ọjọ́ Àìkú lòun máa wá mú wọn.

Wàyí o, ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo ń ṣe pósítà wólímọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Irú lẹ́tà tí oníbàárà fẹ́ràn lẹ́wà, ó wọ bàtà dáadáa, àmọ́ àwọn tó ṣe é kò rántí Ẹ tiwa sí i. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á kàn lọ gbé Ẹ wá láti inú irú lẹ́tà mìíràn. Mo sábà máa ń tún un ṣe, àmọ́ iná fẹ́ lọ, mo ń kánjú, mi ò rí i títí ìwé fi jáde. Mo tún un ṣe lẹ́yìn náà, mo sì mú èyí tó bàjẹ́ wálé láti fi tẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo gbé oúnjẹ bàbá lé e. Wọ́n jẹun díẹ̀, wọ́n ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi ìka lé ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà, lókè orúkọ àwọn tó ń pe èèyàn. ẸBÍ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ta ló to èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ó ti bàjẹ́, ẹ má wò ó."

"Kò bàjẹ́. Àlejò ló wà nínú ẹ̀."

Mo gbé ife omi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Kí ni àlejò, Bàbá?"

"Ẹ yìí ńkọ́? Ṣé o ò rí i ni? B wọ bàtà, Í wọ bàtà, òun ò wọ̀ ọ́. Ilé ibòmíràn ló ti wá. Àwọn òyìnbó tó ń rọ òjé, wọn kì í rọ Ẹ tó pọ̀ fún wa. Tó bá tán nínú àpótí, a á lọ mú un nínú àpótí mìíràn. Àlejò la máa ń pè é."

"Ẹ kì í yọ ọ́ dànù?"

Wọ́n wò mí bí ọ̀gá ṣe ń wo ọmọ iṣẹ́ tó da tádàwà nù. "Yọ ta ni? Fọwọ́ bò ó." Mo fọwọ́ bò ó. "Kà á."

"Bí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí ló kù. Ta ló ń pe bí nìkan ní ẹbí? Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀." Mo gbé e kúrò. Wọ́n ń fi ìka pa Ẹ náà lára jẹ́jẹ́. "Òun gan-an ló tún wà níwájú," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Àlejò, omi dà?"

Mo gbé omi fún wọn, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sì sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé èmi ni wọ́n ń bá wí àbí lẹ́tà? Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: tí àlejò gidi bá wọlé, bàbá mi kì í pè é ní àlejò. "Ta nìyẹn?" ni wọ́n máa ń béèrè. Èmi nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì béèrè lọ́wọ́ mi rí pé ta ni mí.

Ẹ dákun, báwo ni mo ṣe fẹ́ là á yé Mùfú? Ó ti kun yàrá, ó ti ra fóòmù tuntun, inú ìyàwó rẹ̀ ń dùn. Bàbá tiẹ̀ náà ni wọ́n, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú wọn. Ṣé kí n tìtorí lẹ́tà kan ṣoṣo ní kó dá ọkọ̀ rẹ̀ padà? Ṣé kò ní rò pé ìgbàgbé bàbá ti ràn mí? Àbí kí n tẹ́ pósítà yẹn síwájú rẹ̀, kí n ní kóun náà fọwọ́ bo Ẹ, kó kà á? Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí wọ́n bá pe àlejò ní Alákìá, kò ní sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹ gbà mí níyànjú kí ọjọ́ Àìkú tó pé.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, atẹ́gùn ń fẹ́ níta, mo sì ti yọ súwẹ́tà wọn jáde nínú báàgì. Ẹ ò gbọ́ wọn bí? Wọ́n ti ń pè mí láti ìta. "Àlejò! Àlejò dà?"

Mo ń bọ̀, Bàbá mi. Èmi rèé.